Ẹ Yọ "Gbogbo" Kúrò Níbẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì Pírámárì ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, ẹ sì kú ìfaradà àwọn ọmọ wa. Ọ̀kan nínú yín ni èmi náà. Bàọ́lọ́jì ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ọmọ 60 bá wà nínú kíláàsì kan, tí ṣọ́ọ̀kì ò sì tó. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka lẹ́tà yìí sí ti ẹni tó jókòó sílé tó ń ṣọ́ àṣìṣe olùkọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ìparí táàmù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó wà ní pírámárì kẹrin, mú ìwé ìdánwò rẹ̀ wálé. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: gbogbo ohun ọ̀gbìn ló ní gbòǹgbò, ìtì àti ewé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọmọ mú. Bírò pupa gba orí rẹ̀ kọjá, wọn ò fún un ní máàkì kankan. Kò sunkún. Ó kàn wò mí lójú, ó ní, "Màmá àgbà, ṣé àfòmọ́ kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo tún rántí pé èmi fúnra mi ti kọ gbólóhùn yẹn sójú pátákó láìmọye ìgbà, bírò pupa tèmi náà sì ti gba orí ìdáhùn ọmọ ọlọ́mọ kọjá rí. Gbèsè yẹn ló wà lọ́rùn mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọmọ náà ti rí àfòmọ́. Ilé wa ní Òmù-Àrán ni. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ta ewé àti egbò nínú ọjà ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sì ń gbé ilé náà títí di òní. Igi ọsàn kan wà lẹ́yìn ilé tí àfòmọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán lápá kan. Nígbà tí a lọ kí wọn lásìkò Iléyá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gun igi náà láti gé àfòmọ́ ọ̀hún dànù. Ó gé ẹ̀ka kan bọ́ sílẹ̀ tòun ti àlejò tó wà lórí rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi gbé e, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ewé ọsàn wà níbẹ̀, ewé mìíràn tó nípọn ju ti ọsàn lọ wà níbẹ̀, ìtì àfòmọ́ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó ti ń wá gbòǹgbò, kókó wíwú kan báyìí ló bá, níbi tí igi kan ti wọ inú igi kejì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó dúró nísàlẹ̀ sọ fún un pé, "Má wulẹ̀ wá a mọ́, ìyá mi. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan."

Ẹ ò rí i bí òwe yẹn ṣe jẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó pé? Ẹyẹ ló máa ń jẹ èso àfòmọ́. Kóró inú rẹ̀ ń lẹ̀ bí àtè, bí ẹyẹ bá nu ẹnu rẹ̀ sára ẹ̀ka tàbí tó yàgbẹ́ sí i, kóró náà á lẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni yóò ti hù, tí yóò sì la èèpo igi kọjá títí tí yóò fi kan ibi tí omi ń gbà. Láti ọjọ́ náà lọ, omi tí gbòǹgbò onílé bá fà wá láti inú ilẹ̀ ni àlejò náà ń bá a mu. Ewé tirẹ̀ tutù, ó sì ń fi oòrùn se oúnjẹ fúnra rẹ̀, omi àti iyọ̀ ilẹ̀ ló ń jí. Bí ẹ̀ka yẹn bá gbẹ, ó parí fún un. Ọsàn, obì, kòkó, igi òrí, gbogbo wọn ló ń gbà á lálejò. Ó sì ń bá gbogbo wọn tan lóòótọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ tún ń kọ́ wọn ní Yorùbá mọ̀ pé orúkọ kan náà yìí ni à ń lò nínú gírámà: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. "Ì" tó wà nínú "ìjókòó" ò lè dá dúró, àfi kó rí "jókòó" fò mọ́. Bí ọmọ bá mọ ọ̀kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èkejì.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn nínú yín yóò sọ, torí èmi náà ti sọ ọ́ lọ́kàn mi: ohun tí àfòmọ́ fi wọ inú igi yẹn, ṣé kì í ṣe irú gbòǹgbò kan ni? Ọ̀rọ̀ tó ṣeé jiyàn lé lórí ni. Ó ń ṣe lára iṣẹ́ tí gbòǹgbò ń ṣe, mi ò sì ní bá olùkọ́ tó bá dúró lórí ìyẹn jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi àfòmọ́ sílẹ̀ ná, ká lọ sí ìdí kànga.

Ní àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Ìlọrin, lápá Àjíkòbí tàbí lápá Gàm̀bàrí, bí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, tàbí ẹnu kànga, tàbí abẹ́ táǹkì omi tó ń jò. Ohun kan máa ń wà níbẹ̀ tó tẹ́ bíi kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, tó rí múlọ́múlọ́ lọ́wọ́. Mi ò sọ ti èyí tó ń yọ̀ bí ilá tó máa ń gbé ènìyàn ṣubú, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tí mo ń wí, bí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí i pé ohun kéékèèké tó nàró ló pọ̀ jọ, bí ìgbà tí a bá wo igbó láti orí òkè Ṣóbí. Mọ́ọ̀sì ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é. Nǹkan bí 12,000 ẹ̀yà rẹ̀ ni wọ́n ti fún lórúkọ lágbàáyé.

Ẹ fi èékánná ha á díẹ̀. Kò ní ṣagídí bí koríko tí a ń fà tu. Á ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ, bí èèpá orí ọgbẹ́ tó ti jiná. Kò sí gbòǹgbò lábẹ́ rẹ̀ ni. Fọ́nrán tín-ín-rín ló fi di ògiri mú, iṣẹ́ fọ́nrán ọ̀hún ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju dídìmú lọ. Gbòǹgbò tòótọ́ ní ọ̀nà omi nínú, bíi páìpù tó gba inú igi dé orí ewé. Fọ́nrán yìí ò ní in. Ohun tó jọ ìtì lára mọ́ọ̀sì, ohun tó jọ ewé lára rẹ̀, irú iṣan tó wà nínú ìtì àti ewé ẹ̀fọ́ ò sí nínú wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ewéko kì í fi í kà wọ́n sí ìtì àti ewé gidi. Gbogbo ara ló fi ń mu omi bíi fóòmù.

Ẹ tún padà lọ wò ó nígbà ọyẹ́. Á ti gbẹ, á ti ṣókùnkùn, ènìyàn á rò pé ó ti kú. Èmi àti ọmọ ọmọ mi ha díẹ̀ kúrò lára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa lóṣù kìíní, a gbé e sínú àwo, a sì wọ́n omi sí i pẹ̀lú ọwọ́. Ọmọ náà gbé àga tì í, ó ní òun fẹ́ rí i nígbà tó bá jí. Kò pẹ́ rárá. Mi ò tíì bó iṣu àsáró tán nígbà tí mo gbọ́ ariwo rẹ̀ pé, "Ó ti ń là! Ó ti ń là!" Ewé kéékèèké yẹn tú kúrò ní kíká, àwọ̀ rẹ̀ padà sí ewé lójú wa. Koríko tí ọyẹ́ bá ti gbẹ tó báyẹn, bí a bá da garawa omi sí i, kò lè jí. Ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀sì lè ṣe é, nítorí pé kì í retí kí gbòǹgbò kankan bá òun pọn omi wá.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ ronú, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí mọ́ọ̀sì ò fi lè ga tó igi máńgòrò. Ẹ ó gbọ́ oríṣiríṣi ìdáhùn, èyí tó dára jù nínú wọn yóò sì kan omi. Máńgòrò ní gbòǹgbò tó ń fa omi, ó ní páìpù tó ń gbé e gòkè. Ohun tí kò bá ní ìwọ̀nyí gbọ́dọ̀ dúró nítòsí omi, kó má sì ga ju bí omi ṣe lè rìn dé gbogbo ara rẹ̀ lọ. Èyí tó ga jù nínú àwọn mọ́ọ̀sì tó ń dá dúró, lápá Australia àti New Zealand, kò ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ. Èmi ò mọ ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ láti jẹ́ kí ọmọ mọ ìwúlò gbòǹgbò: kó kọ́kọ́ rí ẹni tí kò ní in. Ẹ̀yin tí ẹ wà lápá Ìfẹ́lódùn, tí ọ̀nà Òwá Kájọlà kò jìnnà sí, bí ilé ẹ̀kọ́ bá kó ọmọ lọ wo ìṣàn omi Òwu, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wo omi nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ara àpáta tí omi ń ta sí.

Mọ́ọ̀sì nìkan kọ́. Ọmọnígẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ìtàkùn tó rí bí òwú tó tú lé igbó lórí. Láti inú ilẹ̀ ló ti ń hù, ó sì máa ń ní gbòǹgbò kékeré kan níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ́lẹ́ tó bá ti rí ewéko mìíràn rọ̀ mọ́, gbòǹgbò náà á kú, ewé rẹ̀ á sì kéré débi pé ojú lè má rí i. Ìtì nìkan ló kù. Ó tún wà nílùú òkèèrè, ní Sumatra lórílẹ̀-èdè Indonesia, òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní Rafflesia. Òdòdó náà lè fẹ̀ tó mítà kan, ṣùgbọ́n kò ní gbòǹgbò, kò ní ìtì, kò ní ewé. Fọ́nrán lásán ni gbogbo ara rẹ̀ tó kù, inú ìtàkùn ẹlòmíràn ló sì ń gbé.

Ti orí omi gba àlàyé, torí ọmọ lè ṣi í mú. Gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń fi súre, pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Bí ọmọ bá rí ojúoró tó ń léfòó, á ní kò ní gbòǹgbò. Ẹ gbé e sókè: irùngbọ̀n gbòǹgbò ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó pọ̀, ó kàn ń fì nínú omi láìkan ilẹ̀ ni. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ fi gbòǹgbò dúró nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ odò. Àwọn méjèèjì lékè, ọ̀nà tí wọ́n gbà lékè yàtọ̀. Ẹni tó wá jẹ́ aláìnígbòǹgbò lórí omi ni Wolffia, èyí tó kéré jù nínú gbogbo ewéko tó ń yọ òdòdó láyé. Kò tóbi ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ, ó rí roboto, ènìyàn ò lè nàka sí ibi kan pé ìtì nìyí tàbí ewé nìyí. Ọ̀kan nínú ẹ̀yà rẹ̀, tó ń hù ní ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú, Wolffia arrhiza ni wọ́n sọ ọ́, "arrhiza" sì túmọ̀ sí aláìnígbòǹgbò. Àwọn onísáyẹ́ǹsì tó sọ ọ́ lórúkọ àti àwọn baba wa tó pa òwe àfòmọ́, ohun kan náà ni wọ́n rí.

Bí a bá tilẹ̀ lọ bi ìtàn ayé léèrè, gbòǹgbò àti ewé kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1912, dókítà kan tó ń jẹ́ William Mackie rí àwọn òkúta kan ní abúlé Rhynie ní Scotland, tí ewéko àtijọ́ ti di òkúta sínú wọn, ó lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Wọ́n gé òkúta náà pẹlẹbẹ, wọ́n sì wo inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ewéko wọ̀nyẹn jẹ́ ìtì lásán, tó pín sí méjì-méjì lókè, tí ò ní ewé, tí ò sì ní gbòǹgbò tòótọ́. Ìtì ló ṣíwájú. Àwọn tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo ti rò ó títí, ìdí tí gbólóhùn yẹn fi ń dùn lẹ́nu wa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe nǹkan náà wà lára rẹ̀. A ní "ohun ọ̀gbìn". Ohun tí ènìyàn bá gbìn nìyẹn: àgbàdo, iṣu, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà, ata. Nínú ìwọ̀nyí, lóòótọ́, ṣàṣà ni èyí tí kò ní gbòǹgbò, ìtì àti ewé. Ta ló gbin mọ́ọ̀sì rí? Ta ló gbin àfòmọ́? "Ewéko" tí àwọn mìíràn ń lò sì ti fi ewé sí ẹnu ọ̀nà kí a tó wọlé. Mi ò ní kí a sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá nù o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ ní kíláàsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wọn pé ohun tí a gbìn àti ohun tó hù fúnra rẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Àwọn tó tilẹ̀ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má jẹ́ kí àwòrán inú ìwé tàn wá jẹ. A ń pa á lówe pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Ohun tí à ń pè ní ìtì yẹn, ìdí ewé ló pọ̀ tó ká mọ́ra wọn, ewé lórí ewé, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìtì gidi wà nínú ilẹ̀, àfìgbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá fẹ́ so ni yóò tó gba àárín ewé wọ̀nyẹn gòkè wá gbé òdòdó jáde. Àlùbọ́sà náà ńkọ́? Ewé la ń gé sínú ọbẹ̀. Ìtì rẹ̀ ni pẹlẹbẹ líle kékeré tó wà nídìí, èyí tí a máa ń gé sọnù pọ̀ mọ́ gbòǹgbò. Kúkúǹdùnkún tí wọ́n fi ń ki àwọn ará Ọ̀fà, gbòǹgbò tó wú ni. Ẹ̀gẹ́ náà gbòǹgbò ni, torí ẹ̀ ni àgbẹ̀ fi ń gbin igi rẹ̀. Ata ilẹ̀ ní tirẹ̀ ìtì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni a ti ń wú u. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń kọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò gba owó. Ẹ yọ "gbogbo" kúrò nínú gbólóhùn yẹn, kí ẹ fi "ọ̀pọ̀ jù lọ" sí i. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé tí ìjọba tàbí ilé ẹ̀kọ́ rà ló wà, ẹ fi bírò tún un ṣe nínú ìwé tiyín, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ tún un ṣe, kí wọ́n rí i pé ìwé ṣeé tún ṣe. Bí ọmọ kan bá mú bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pè é kó wá sọ ìdí rẹ̀. Bó bá dárúkọ àfòmọ́, tàbí ohun tó rí lára ògiri ilé bàbá rẹ̀, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ sétí kíláàsì. Mo mọ̀ pé ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ rọrùn láti máàkì nígbà tí ìwé 60 bá wà níwájú ènìyàn lálẹ́ tí iná ò sì sí. Mo ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wo igi títí tó fi rí ohun tí ìwé ò sọ, irú rẹ̀ ni a ń wá kiri nígbà tí wọ́n bá dé yunifásítì tí a ò rí wọn mọ́.

Mo bá olùkọ́ ọmọ ọmọ mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin oníwà tútù ni, ó gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé, ó sì ní bí wọ́n ṣe kọ ìdáhùn náà sínú ìwé tí wọ́n fi ń máàkì ni òun ṣe tẹ̀ lé e. Mi ò bá a wí. Mo ṣèlérí fún un pé n ó mú ẹ̀ka ọsàn tó ní àfòmọ́ wá fún un láti Òmù-Àrán bí táàmù bá wọlé, àti abọ́ mọ́ọ̀sì kan. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tó bá fẹ́ ẹ, ní Ìlọrin tàbí lápá ọ̀dọ̀ wa ní Ìgbómìnà, mo ṣetán láti wá, n ò gba kọ́bọ̀, kí ẹ ṣáà fún mi ní wákàtí kan níta, lábẹ́ igi.

Ọmọ ọmọ mi ní òun ló máa gbé abọ́ náà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ bàọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìlọrin.